Ilé Ga, Yàrá Wọ́n: Ìtàn Àwọn Ilé Àpatì ní Àárín Gbùngbùn Èkó

Àwọn ará Èkó máa ń fi ìlú wọn yangàn pé, "Èkó gba olè, ó gba ọ̀lẹ." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí irú ènìyàn tí Èkó kì í gbà. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kí ìlú gba ènìyàn yàtọ̀ sí kí ó fún un ní yàrá. Ẹni tó bá fẹ́ yá yàrá kan péré ní Erékùṣù Èkó lónìí, ní ìtòsí àwọn báńkì, ọjà àti ọ́fíìsì, yóò rí i pé owó tí wọ́n ń béèrè kọjá agbára òṣìṣẹ́ tí ń fi owó oṣù jẹun. Bẹ́ẹ̀, bí ẹni náà bá gbójú sókè, yóò rí àwọn ilé àwòṣífìlà tí kò sí ẹnì kankan nínú wọn. Òmíràn jóná, òmíràn ṣófo, òmíràn kò parí.

Ní kíláàsì wa, a kọ́ nípa bí wọ́n ṣe gbé olú ìlú Nàìjíríà kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991. Ìwé ìtàn wa sọ ìdí tí ìjọba fi lọ. Ìbéèrè kan ni mi ò rí ìdáhùn sí nínú rẹ̀: àwọn ilé ńlá tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìtàn ilé gbígbé ní àárín gbùngbùn Èkó. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé kì í ṣe àìsí ilẹ̀, kì í sì í ṣe àìsí ilé gíga, ló jẹ́ kí yàrá wọ́n níbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ti ń wó ilé, wọ́n sì ti ń kọ́ ilé láì kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè méjì: ta ló ni ibẹ̀, ta ni yóò sì máa gbé ibẹ̀?

Erékùṣù Èkó kò tóbi, omi ló sì yí i ká. Nígbà tí Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó fi Èkó sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, àwọn ìdílé ló ni ilẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, agboolé sì ni wọ́n ń gbé. Àwọn tó padà dé láti Bràsíìlì kọ́ ilé tiwọn sí Pópó Àgùdà, àwọn Sàró sì wà ní Ọlọ́wọ́gbowó. Nígbà tó yá, òwò etí omi, ọkọ̀ ojú irin àti iṣẹ́ ìjọba ń fa ènìyàn wá láti ibi gbogbo. Ìkànìyàn ọdún 1952 fi hàn pé nǹkan bí 267,000 ènìyàn ló wà ní ìlú Èkó. Nígbà tó fi máa di 1963, wọ́n ti tó nǹkan bí 665,000. Ìyẹn ni pé láàárín ọdún 11 péré, iye wọn ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ní ti ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn tó wà ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbà, ó ní àwọn tí òun kà lé ní mílíọ̀nù 17. Lórí iye ènìyàn pàápàá, ìjọba méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí irú àìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni a óò tún bá pàdé níwájú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìjọba dìídì gbé ètò kalẹ̀ láti tún àárín Èkó ṣe, àìsàn ló fà á. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn aláṣẹ ní ilé tó fún mọ́ra ló jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Ní 1928, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Lagos Executive Development Board, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ilẹ̀, kí ó wó ilé tí kò dára, kí ó sì la àdúgbò tuntun. Ètò yìí wà lára ohun tó sọ Yábàá di àdúgbò ńlá lórí ilẹ̀.

Iṣẹ́ LEDB tí àwọn àgbà Èkó ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù lọ ni ti ọdún 1955. Òmìnira ti ń sún mọ́lé nígbà náà, àwọn olóṣèlú kò sì fẹ́ kí àlejò wá bá àárín olú ìlú ní jágbajàgba. LEDB gbé ètò kalẹ̀ láti wó àwọn ilé tó wà lórí nǹkan bí éékà 70 ní àárín Erékùṣù, kí wọ́n lè la títì tó fẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ ilé ìgbàlódé síbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n ń kó kúrò. Ilé náà mọ́, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i ju ti àtijọ́ lọ. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́.

Ṣùgbọ́n onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Britain, Peter Marris, bá àwọn tó ṣí àti àwọn tó kù sọ̀rọ̀, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé kan tó jáde ní 1961. Ohun tó rí bani nínú jẹ́. Ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà agboolé tẹ́lẹ̀ ti jìnnà sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n ń jẹun nínú àgbàlá kan náà kò rí ara wọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lówó tí wọn yóò fi padà wá kọ́ irú ilé tí ètò tuntun náà ń fẹ́. Bí àárín Èkó ṣe ń di ibi báńkì àti ilé ìtajà ńlá nìyẹn. Wọ́n dáhùn ìbéèrè pé báwo ni ìlú yóò ṣe rí lójú àlejò. Wọn kò dáhùn ìbéèrè pé ta ni yóò gbé inú rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Independence House, tí ìjọba Britain kọ́ fún Nàìjíríà nítorí òmìnira, dìde sí Oníkàn pẹ̀lú àjà tó lé ní 20. Ní 1979, ilé alájà 32 tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí NET parí ní Marina. Òun ni wọ́n kà sí ilé tó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Orúkọ rẹ̀ lónìí ni NECOM House. Ọ́fíìsì ni wọ́n kọ́ méjèèjì fún. Iná jó ilé NET ní 1983, iná sì jó Independence House ní 1993. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹwà kò bù sí Independence House. Ó wà bẹ́ẹ̀ ní òfìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn iná náà, ní ìdojúkọ pápá Tafawa Balewa Square tí gbogbo ayé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní tèmi, ilé tí ìtàn rẹ̀ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ ni Federal Secretariat tó wà ní Ìkòyí, tí kò jìnnà sí àárín Erékùṣù. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lè rí ibi ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún náà dáadáa. Ní oṣù Kejì ọdún 1976 yẹn kan náà ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Murtala Muhammed kéde pé olú ìlú yóò kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgùdà jẹ́ alága rẹ̀ ṣe dámọ̀ràn. Ọdún kan náà tí Èkó gba ilé ńlá fún iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣòfin pé iṣẹ́ ìjọba ń lọ. Ọwọ́ kan ń kọ́ ilé, ọwọ́ kejì ń di ẹrù.

Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kó lọ sí Àbújá ní àwọn ọdún 1990, Secretariat náà di òfìfo. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ tà á fún ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní bílíọ̀nù 7 náírà. Ètò ẹni tó rà á ni láti sọ ọ́ di ilé gbígbé 480. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú: ìlú ń wá ilé, ilé sì rèé. Àmọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹjọ́ àti ìjíròrò bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó lé ní 15 kọjá lẹ́yìn títà náà, ilé ṣì wà ní òfìfo, fèrèsé ti ń jábọ́, koríko sì ti hù níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Kí ló fa ìjà yìí? Òfin méjì ló wà nídìí rẹ̀. Èkíní ni Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1978. Òfin yìí fi ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, kí ó máa ṣe àbójútó rẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó yọ ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ti ní tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, èyí lè má fa wàhálà púpọ̀. Ní Èkó, tó jẹ́ olú ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wà káàkiri, pàápàá ní Ìkòyí. Èkejì ni ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ṣe ní 2003, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀. Ilé ẹjọ́ náà ní ìpínlẹ̀ ló ní àṣẹ lórí ètò ìlú àti ìwé àṣẹ ilé kíkọ́. Nítorí náà, ìjọba àpapọ̀ lè ní òun ló ni ilé, òun sì lè tà á. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà lè ní kò sí ẹni tó lè sọ ọ́fíìsì di ilé gbígbé láì gba àṣẹ lọ́dọ̀ òun. Méjèèjì ló ní ẹsẹ̀ òfin tí wọ́n dúró lé.

Ó rọrùn láti sọ pé agídí lásán ni ti ìjọba ìpínlẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdílé 480 nílò omi, ibi tí ẹ̀gbin yóò gbà jáde, ojú títì tó lè gba mọ́tò wọn àti ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ wọn. Ìpínlẹ̀ ni wọn yóò bá nígbà tí àgbàrá bá ya wọlé. Bákan náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí kan náà wó lulẹ̀. Ó lé ní 40 ènìyàn tó kú. Lẹ́yìn irú èyí, kò sí ẹni tó lè ní ìwé àṣẹ àti àyẹ̀wò kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ohun tí a retí láti ọ̀dọ̀ ìjọba méjì ni pé kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ta ilé, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti gba owó. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń jìyà.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ilé gíga kò lè dìde mọ́ bó bá ti ṣubú, ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Èkó díẹ̀, kí a lọ wo Ilé Kòkó ní Ìbàdàn. Wọ́n parí ilé alájà 26 yìí ní 1965 pẹ̀lú owó kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Iná jó o ní oṣù Kìíní ọdún 1985. Ní 1992, wọ́n tún un ṣí, ó sì ń gba àwọn oníṣòwò títí di òní. Kí ló yàtọ̀? Ilé iṣẹ́ Odù'a, tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá jọ ní, ló ni Ilé Kòkó. Kò sí ìjọba méjì tó ń fa ìwé mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé èyí wà lára ìdí tí ọdún méje fi tó láti mú un padà bọ̀ sípò. Òwe ilé ọba tó jó wá ṣẹ ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n mímọ ẹni tó ni ilé nìkan kò tó. Ìbéèrè kejì ṣì wà níbẹ̀. Ní òpin àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé gbígbé 1004 sí Victoria Island, àwọn òṣìṣẹ́ ọba sì gbé ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ibẹ̀ kò di àpatì rárá. Wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ aládàáni ní 2007, wọ́n kó àwọn ayálégbé jáde, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un tà. Lónìí, iná ń tàn níbẹ̀, ibẹ̀ sì mọ́. Àmọ́ akọ̀wé ìjọba tó bá fẹ́ ra ọ̀kan nínú àwọn ilé tí akọ̀wé ìjọba ń gbé láyé àtijọ́ yóò fi gbogbo owó ìṣẹ́ ayé rẹ̀ rà á tán, yóò sì tún jẹ gbèsè.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí Alhaji Lateef Jakande ṣe nígbà tó jẹ́ gómìnà láti 1979 sí 1983. Àwọn ilé tó kọ́ kò ga, ẹlòmíràn tilẹ̀ ń bú wọn pé wọn kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi bíríkì àkọ́kọ́ lélẹ̀, wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n ń kọ́ ọ fún: òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló ti dìde ní onírúurú àdúgbò. Títí di òní, bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Èkó tó sì ní òun ń lọ sí "Jakande", onímọ́tò yóò bi í pé, "Jakande wo?" nítorí pé wọ́n ju ẹyọ kan lọ.

Ẹnì kan lè ní kí ló kan ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nínú gbogbo èyí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Broad Street, Ìkòròdú sì ni a ń gbé. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 àti ti afárá Third Mainland. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé lálẹ́, àbúrò mi ti sùn. Ọjọ́ Sátidé àti Sunday ló mọ̀ wọ́n. Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Síbẹ̀, bàbá mi ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá béèrè yàrá ní Erékùṣù, owó ọdún méjì ni wọ́n ń pè fún àwọn, pẹ̀lú owó ajẹ́ǹtì àti owó ìwé àdéhùn. Òfin wà, àmọ́ níbi tí ẹni tó ń wá yàrá bá ti pọ̀ ju yàrá lọ, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣòfin. Bàbá mi kọ́ nìkan ló wà nínú èyí. Gbogbo ọkọ̀ tó ń sáré gorí afárá náà ní ìdájí kún fún irú wọn.

Àwọn kan ní ìdáhùn ni pé kí a máa wá ilẹ̀ tuntun. Wọ́n ti ṣe é. Ní etíkun Victoria Island, níbi tí Bar Beach wà tẹ́lẹ̀, wọ́n fi yanrìn dí òkun láti kọ́ Eko Atlantic, ìlú tuntun tí ilẹ̀ rẹ̀ yóò tó kìlómítà 10 níbùú-lóòró. Àwọn ilé àwòṣífìlà ti dìde níbẹ̀. Bí ìjàngbọ̀n yìí bá jẹ́ ti ilẹ̀, òkun tí wọ́n lé sẹ́yìn ì bá ti yanjú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a wó gbogbo ilé àpatì dànù. Ìtàn ọdún 1955 ti fi hàn wá pé wíwó rọrùn ju kíkó ènìyàn padà sílé lọ.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kò ṣòro láti sọ, bó tilẹ̀ lè ṣòro láti ṣe. Kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jọ kọ orúkọ gbogbo ilé ìjọba tó ṣófo ní Èkó sílẹ̀, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kí wọ́n tó ta òmíràn. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò bóyá òpó àti kọ́ńkéré wọn ṣì lágbára. Èyí tó bá sì ṣeé tún ṣe, kí wọ́n yọ apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò náà, kí iye owó ilé sì wà nínú àdéhùn títà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní àárín Èkó, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ: ilé òmìnira, ilé ìjọba, ìlú tuntun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wá ọmọ tí yóò jẹ́ ẹ. Nígbàkígbà tí ẹ̀yin òǹkàwé mi bá kọjá níwájú pápá tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà tuntun sí, ẹ ka pátákó tí wọ́n gbé síbẹ̀. Ẹ óò rí orúkọ ẹni tó ń kọ́ ọ, ti ayàwòrán ilé, àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ. Kí ẹ wá bi ara yín léèrè ohun tí kò sí lórí pátákó náà: àwọn wo ni yóò máa gbé ibẹ̀, èló sì ni wọn yóò máa san?